Òrùlé Páálí

Lọ́sàn-án òní, èmi àti àbúrò mi ń fi páálí funfun kọ́ àwòrán kékeré Gbọ̀ngàn Centenary tó wà ní Aké, gbọ̀ngàn tí wọ́n fi sàmì ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ìwọ̀n 1:100 ni a lò: sẹ̀ǹtímítà 1 lórí páálí dúró fún mítà 1 lára ilé gan-an.

Ọ̀rọ̀ òrùlé ló wà lọ́kàn mi. Kí a tó ṣẹ́ páálí rẹ̀ po, mo gbé rúlà lé ojú ìlà, mo sì fi ẹnu bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti gbẹ fà á gbọọrọ títí ó fi jin díẹ̀. Páálí ní ìhà tí fọ́nrán inú rẹ̀ kọjú sí. Bí a bá ṣẹ́ ẹ tẹ̀ lé ìhà náà, etí rẹ̀ á mú bí etí ṣòkòtò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ́ ẹ po ní ìbú, ojú ibẹ̀ lè ya, kí ó sì máa hu bí òwú. Nígbà tí òrùlé náà dúró ṣánṣán láìtíì kan gọ́ọ̀mù, àbúrò mi kígbe pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó!” Orí mi wú gidigidi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló ti fi páálí kọ́ ilé kan ní ìlú tirẹ̀ rí? Ilé wo ni?