Ọ̀rọ̀ tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kílíníìkì àwọn alátọ̀gbẹ n'Íbàdàn, èrò mi ni pé àìgbọràn ló ń ṣe aláìsàn tí ṣúgà rẹ̀ bá kọ̀ tí kò wálẹ̀. Ìyá kan wà tí ó máa ń ká káàdì rẹ̀ mọ́wọ́ títí yóò fi rí bíńtín. Léraléra ni mo ń bá a wí lórí oúnjẹ, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju “Mo ti gbọ́, nọ́ọ̀sì” lọ.

Lọ́jọ́ kan tí èrò kò pọ̀, mo jókòó tì í, mo ní, “Màmá, kí ló sú yín jù nínú àìsàn yìí?” Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní láti ọjọ́ tí òòyì ti kọ́ òun tí òun ṣubú nídìí ààrò ni àwọn ọmọ kò ti jẹ́ kí òun dáná mọ́, àti pé ìbẹ̀rù kí ó má tún ṣẹlẹ̀ ni kì í jẹ́ kí òun gún ínsúlínì, abẹ́rẹ́ tí ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tó ìwọ̀n tí dókítà kọ fún òun. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn wá pé ṣúgà ga; ìbẹ̀rù yìí kò sí nínú rẹ̀.

Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ; ó yàtọ̀ sí ìmọ̀ràn, ó sì yàtọ̀ sí ìtùnú. A jọ yẹ ìbẹ̀rù náà wò ni: ó gún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí ó ṣubú, kò sì jẹun títí oòrùn fi kan àtàrí, ni ṣúgà rẹ̀ bá já wálẹ̀ jù, tí òòyì fi kọ́ ọ. A fẹnu kò pé kò ní gún abẹ́rẹ́ àárọ̀ láìsí oúnjẹ nítòsí, pé yóò máa di hóró ṣúgà mẹ́rin sí ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, àti pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó bá ń dáná lọ́jọ́ Sátidé.

Kò pọn dandan kí ó jẹ́ dókítà nìkan ni yóò máa ṣe iṣẹ́ yìí. Ní Zimbabwe, láti 2006, àwọn ìyá àgbà tí dókítà Dixon Chibanda kọ́ níṣẹ́ ń bá àwọn aláìsàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní àgbàlá ilé ìwòsàn, wọn a sì mú ìṣòro kan tú palẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016, nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn tó kópa ló ní kòkòrò HIV, tí òun náà jẹ́ àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ bí àtọ̀gbẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì dínkù gan-an ju ti àwọn yòókù lọ.

Èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tètè sọ pé “Ọlọ́run á wò yín sàn”, nítorí ó máa ń pa aláìsàn lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó bá sì sọ pé ikú tẹ́ òun lọ́rùn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ fà á lé dókítà ọpọlọ lọ́wọ́.

Ṣúgà màmá yìí kò wálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tí ó kọ́kọ́ yí padà ni pé, lọ́jọ́ tí kò bá gún abẹ́rẹ́, ó ń sọ fún mi.