Ìsọ̀ àdìrẹ wa ti ń fi ímeèlì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀

Ẹ bá mi yọ̀ o! Àbúrò mi obìnrin, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú níbí l'Abẹ́òkúta, ní ìsọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. WooCommerce, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, la fi ṣe é. Lónìí, a so ó pọ̀ mọ́ Mailchimp, iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bá èèyàn fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Plugin, ìyẹn àfikún kékeré tó so méjèèjì pọ̀, ni a kó sórí ìsọ̀ náà, a wọlé sí àkáǹtì, orúkọ àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo wọn ni ká máa polówó ọjà fún?" Mo ní rárá o, àwọn tó fọwọ́ sí i nìkan. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò fẹ́ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní kò sófin, ta ló fẹ́ kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn òun láìpè?

Èyí tó wú mi lórí jù: mo kó àdìrẹ ẹlẹ́kọ sínú apẹ̀rẹ̀ ìsọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ ímeèlì mi, mi ò sanwó, mo bá tèmi lọ. Nígbà tó yá, fóònù mi dún, ímeèlì ìsọ̀ náà ti wọlé: ọjà yín ṣì wà ńlẹ̀ o! Àbúrò mi pariwo. Ó ti ń tún ọ̀rọ̀ inú ímeèlì náà kọ ní Yorùbá báyìí.