Ọjọ́ Tí Ìyá Ìbejì Ṣe Ọ̀dítì Wa Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ẹ sinmi ẹ̀rín yẹn ná. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi rò ó, torí bí àbúrò mi ṣe ń rò ó káàkiri Mọ́kọ́lá, àfi bíi pé orí pẹpẹ ni mo ti jó bàtà.

Ẹ ṣáà mọ Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi. Kì í fowó ṣeré. Akápò ìjọba ìbílẹ̀ ni títí tó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé e lọ sí Ṣakí, wọ́n gbé e lọ sí Igbó-Ọrà, wọ́n tún gbé e lọ sí Kìṣí, tó fi di pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan là ń ríra. Gbogbo ibi tó dé, ìròyìn kan náà ni: alága ń bẹ̀ ẹ́, kánsẹ́lọ̀ ń bẹ̀ ẹ́, òun ń béèrè fáúṣà. Ìwé òfin owó ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Financial Memoranda, ẹ̀gbẹ́ Bíbélì ló ń gbé e sí lẹ́bàá ibùsùn wa. Nígbà mìíràn, n kì í mọ èyí tó ń kà nínú méjèèjì, torí ojú kan náà ló fi ń wò mí tó bá gbójú sókè.

Òfin yẹn náà ló fi ń ṣèjọba ilé. Tí mo bá fẹ́ gbowó epo mọ́tò, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá fọwọ́ sí i, tí mo bá sì dé, màá ro bí mo ṣe ná an kí n tó rí òmíràn gbà. Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, èmi ni ọkọ ẹ o!" Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá Ìbejì. Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí i lókè orúkọ yẹn."

Ohun tó máa ń bí i nínú jù lọ ni àkáǹtì àjùmọ̀ní ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí ẹsẹ kẹfà abala 162 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fi sọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ó ní owó ìjọba ìbílẹ̀ kì í ti Abuja wá tààrà, ilé ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ yà. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé kí owó wọn máa lọ bá wọn lọ́wọ́ wọn, orí rédíò ni mo ti gbọ́. Mo fò dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá, mo ti ń pariwo "Ìyá Ìbejì, wọ́n ti já a gbà o!" kí n tó rántí pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo bá kúkú sọ ọ́ fún àga rẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ẹ dàgbà ná.

Ìsìn ìrántí Ìyá Ìbejì wá dé. Kẹ́hìndé ní kí n jẹ́ kí òun fi kọ̀ǹpútà tẹ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà, nítorí ojú mi. Mo ní ta ló ń bá wí? Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kí ìyá ẹ tó mọ̀ mí! Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀yìn líle aláwọ̀ ewé, ojú ewé mẹ́rin gbáko, toríkì toríkì. Ohun tí kò wá sọ́kàn ọ̀jọ̀gbọ́n ni pé Ìyá Ìbejì kì í rà ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Dọ́sìn-dọ́sìn ló ń rà á ní Dùgbẹ̀ kí wọ́n lè bá a dín in. Gbogbo ìwé ilé wa ló jẹ́ ẹ̀yìn líle aláwọ̀ ewé: ìwé owó, ìwé ìpàdé ẹbí, títí kan èyí tí mo ń kọ nọ́ḿbà lọ́tò sí.

Wọ́n pè mí. Mo gun orí pẹpẹ, mo ṣí ìwé, mo fi ohùn ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀:

"Bàbá Ìbejì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà. Ó ní táyà ni. Kò sí rísíìtì. Mo lọ wo táyà náà. Ti àtijọ́ ni."

Ẹni tórí ẹ̀ pé, ṣé kò yẹ kó dúró níbẹ̀? Olùkọ́ ni mí. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, ẹnu mi máa ń ṣíwájú ọpọlọ mi. Ìlà kejì ti jáde:

"Mo bi í nípa táyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìyìn."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dítọ̀ àgbà kan láàárín wọn ní, "Ẹ fún un ní kúẹ́rì!"

Mo fẹ́ pa ìwé dé, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Àfi bí ojú mi ṣe bọ́ sórí orúkọ àbúrò mi ní òdìkejì ewé, àbúrò yìí kan náà tó ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo ìjọ lọ, tó ń fi fìlà nu omijé. N kò lè dá nìkan jẹ ẹ̀sín. Mo sún mọ́ máíkì.

"Àbúrò ọkọ mi. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ó ní tóun bá ta kòkó, òun á dá a padà. Kò lóko."

Mo ṣí ewé tó kàn. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín dákẹ́. Ìyá kan dìde, ó ní òun ń lọ ṣeré ìta. Àna mi tó jókòó níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ tí kò wú láti àárọ̀. Alága ẹgbẹ́ ọkùnrin dá orin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, onílù sì gbá a mú, ó ń lu ìlù bí ẹni tí orúkọ tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kẹ́hìndé ló wá gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Dádì, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Ọ̀rọ̀ ìyìn mi wà nílé lórí firíìjì.

Mo padà fara balẹ̀ ka ìwé owó náà. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ táyà, ó ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé: "Ọtí ìkómọ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ná an sí. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo fojú fò ó." Ẹ ò rí nǹkan! Ìlà tó máa gbè mí lẹ́nu mi ò dé.

Ṣùgbọ́n owó ń wọlé o. Ẹni tí n kò mọ̀ pé ó jẹ wá ń fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi, ó ní "ti ọ̀rọ̀ èmi àti màmá ni." Àwọn míì ń lé e sí i kí n má baà béèrè. Àwọn ìjọba tó ń wá bí owó abẹ́lé wọn á ṣe pọ̀, kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òkú ìyàwó mi.

Pásítọ̀ náà wá lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó gbàdúrà, ó mu omi, ó béèrè Táíwò àti Kẹ́hìndé, ó tún gbàdúrà. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Bàbá, ìwé yẹn, ṣé ẹ ti kà á parí?"

Mo ní rárá.

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí ojú yín sinmi."

Kó tó dé ìdí mọ́tò rẹ̀, mo ti wọ jígí mi.