Látinú àkójọ orúkọ ímeèlì sí lébẹ́ẹ̀lì ara àpòòwé

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé la sábà máa ń dá lẹ́bi bí lébẹ́ẹ̀lì bá bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ inú àkójọ orúkọ ni wàhálà náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lo àkókò yín.

Bó bá jẹ́ Gmail, ẹ ṣí Google Contacts, ẹ tẹ Export, kẹ́ ẹ mú Google CSV. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn tẹ fáìlì yẹn lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí nínú Excel. Nọ́ńbà ìṣirò ni Excel máa ka kóòdù ìfìwéránṣẹ́ sí, á sì gé òdo iwájú rẹ̀ dànù: 02139 á di 2139. Orúkọ tó ní àmì ohùn náà lè dàrú. Ẹ ṣí Excel lófìfo, ẹ lọ sí Data, From Text/CSV, kẹ́ ẹ yan 65001: Unicode (UTF-8) níwájú File Origin. Ẹ wá tẹ Transform Data, kẹ́ ẹ sọ òpó kóòdù di Text. Ó máa bi yín léèrè: Replace current ni kẹ́ ẹ mú. Bẹ́ ẹ bá mú Add new step, òdo yẹn á ti lọ kí àtúnṣe yín tó dé. Ẹ tẹ Close & Load, ẹ yọ ẹni tí kò ní àdírẹ́sì àti orúkọ tó wà lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi .xlsx.

Nínú Word, ẹ lọ sí Mailings, Start Mail Merge, Labels, kẹ́ ẹ yan nọ́ńbà tó wà lára páálí lébẹ́ẹ̀lì yín gan-an. Avery 5160 jẹ́ 30 lórí ìwé Letter. L7160 jẹ́ 21 lórí A4. Ẹ so fáìlì mọ́ ọn pẹ̀lú Select Recipients, ẹ fi Address Block sínú lébẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì ṣí Match Fields, torí orúkọ tí Google fún àwọn òpó rẹ̀ kì í sábà bá ti Word mu.

Update Labels ló kàn, òun lọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gbàgbé. Láìtẹ̀ ẹ́, lébẹ́ẹ̀lì kan péré ló máa ní àdírẹ́sì lójú ìwé kọ̀ọ̀kan: bó bá jẹ́ ìwé onílébẹ́ẹ̀lì 30, ẹni kìíní, lẹ́yìn náà ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ pa «Next Record» rẹ́, ìyẹn àmì tó ń sọ fún Word pé kó bọ́ sórí ẹni tó kàn, ẹnì kan ṣoṣo ló máa kún gbogbo ojú ìwé náà.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lásán, ní 100%, láìsí Fit to page. Ẹ gbé e lé ìwé lébẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ nà án sí ìmọ́lẹ̀. Bó bá ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ìwọ̀n ìwé tàbí nọ́ńbà lébẹ́ẹ̀lì ni kò bára mu. Ìwé tẹ́ ẹ ti bó lébẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀, ẹ má dá a padà sínú ẹ̀rọ lésà: gọ́ọ̀mù tó ti hàn síta lè yọ́ nínú ooru, kó sì lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ.