Láti Stanley dé Hobart: títọ ipasẹ̀ ẹkùn Tasmania

Ẹni tó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ ẹkùn Tasmania, ẹranko abilà tó ti kú run ní erékùṣù Tasmania lórílẹ̀-èdè Australia, kó má bẹ̀rẹ̀ ní Hobart bí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣe. Hobart ló parí sí. Àríwá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣèlérí owó fún ẹni tó bá pa á, ibẹ̀ ló sì yẹ kéèyàn ti gbéra. Ọkọ̀ ojú omi tó ń ṣí ní Geelong, lórí ilẹ̀ ńlá Australia, máa ń gúnlẹ̀ sí Devonport. Láti ibẹ̀, ẹ gba títì Bass Highway lọ sí Stanley, bíi wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹ jẹ èso ọwọ́ yín tán kẹ́ ẹ tó wọlé, torí wọn kì í jẹ́ kí àlejò kó èso tútù wọ Tasmania, àwọn ajá aṣọ́bodè sì mọ òórùn rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, ẹ wá ibi sùn. Wọ́lábì, ìbátan kangaróò tó kéré sí i, àti wọ́ńbáàtì, ẹran alápò tó ki pọ́pọ́, á ti máa dà sójú títì, wọ́ńbáàtì kan ṣoṣo sì tó láti ba iwájú mọ́tò jẹ́.

Ní Stanley, ilé Highfield lẹ máa kọ́kọ́ yà. Ibẹ̀ ni olórí Van Diemen's Land Company ń gbé, ilé-iṣẹ́ àwọn ará London tó wá sin àgùntàn. Òtútù, ọ̀rinrin, koríko tí kò dára, ajá ìgbẹ́ àti olè ló ń run agbo wọn, ṣùgbọ́n ẹranko abilà yìí ni wọ́n di gbogbo ẹ̀ rù. Lọ́dún 1830 wọ́n kéde owó: ṣílè 5 lórí akọ, ṣílè 7 lórí abo. Bí wọ́n bá ti pa 20, ṣílè kan á gorí owó 20 tó kàn. Owó tó ń pọ̀ sí i bí ẹran ṣe ń dín kù, ọgbọ́n burúkú gbáà ni.

Ẹ má wá ilé rẹ̀ lọ sínú igbó kìjikìji. Ibi tí igi yukalíptọ́ọ̀sì ti pàdé pápá koríko ló fẹ́ràn, pẹ̀lú ẹ̀bá àbàtà àti etíkun tó ní igbó ṣákálá. Kò bá ẹkùn tan, kò sì bá ajá tan. Ẹran alápò ni, bíi kangaróò. Ẹ̀yìn ni ẹnu àpò abo kọjú sí, orí ọmú mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Akọ pàápàá ní irú àpò kan tó fi ń bo kórópọ̀n rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe lọ́dún 2020 rí i pé ìpíndọ́gba rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 17 lọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe sí egungun àgbọ̀n rẹ̀ sì fi hàn pé ẹran kékeré ló bá a mu jù. Ẹ wá fi èyí wé àgùntàn tó ti dàgbà.

Ìjọba Tasmania náà gba àṣà yìí. Láti 1888 sí 1909 wọ́n ń san pọ́ùn kan lórí àgbà, ṣílè 10 lórí ọmọ. Ẹran 2,184 ni wọ́n san owó lé lórí, láìka èyí tí ilé-iṣẹ́ àti àwọn olóko san fúnra wọn. Ní 1909, 2 péré ni wọ́n mú wá gba owó. Àìsàn ti wọ àárín wọn lásìkò náà, wọ́n ń gé igbó, okùn ìdẹ tí wọ́n ń dẹ sílẹ̀ fún wọ́lábì sì ń mú wọn. Ní Mawbanna, tí ẹ ti kọjá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé Stanley, Wilf Batty yìnbọn pa ọ̀kan ní oṣù karùn-ún 1930. Òun ni èyí tó kẹ́yìn tí a mọ̀ pé wọ́n pa nínú igbó.

Ní Hobart, ẹ gun òkè Queens Domain lọ síbi tí ọgbà ẹranko Beaumaris wà tẹ́lẹ̀. Géètì àti ògiri díẹ̀ ló kù. Ọjọ́ 10 oṣù keje 1936 ni òfin tó dáàbò bò ó jáde. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án lèyí tó kẹ́yìn kú nínú ọgbà náà, ọjọ́ 59 péré lẹ́yìn òfin.

Mùsíọ́mù ìjọba ní etí omi Hobart, Tasmanian Museum and Art Gallery, ni kẹ́ ẹ fi àkókò sí jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rò pé òkú ẹranko ìkẹyìn yẹn ti sọnù. Ní 2022 ni àwọn olùwádìí méjì, Robert Paddle àti Kathryn Medlock, fi hàn pé inú kọ́bọ́ọ̀dù mùsíọ́mù náà ló wà: abo arúgbó kan tí Elias Churchill fi okùn mú ní àfonífojì Florentine. Okùn ìdẹ ilẹ̀ lòdì sófin nígbà náà, ìdí nìyẹn tí ọgbà náà kò fi kọ rírà rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti sọ awọ rẹ̀ di ohun ìkọ́ni, wọ́n ń gbé e káàkiri fáwọn ọmọ ilé-ìwé, láìmọ̀ pé òun gan-an ni gbogbo ayé ń wá.

Ní ilé oúnjẹ àti ilé ọtí lójú ọ̀nà, ẹ máa gbọ́ pé ẹnìkan rí i láìpẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ìrù: ti ẹkùn Tasmania le gan-gan, ó nípọn ní ìdí bíi ti kangaróò, kì í jù ú bí ajá. Àwọn fọ́tò tó mú ariwo wá ní 2021, tí wọ́n ní ẹkùn Tasmania ló wà níbẹ̀, pademelon, wọ́lábì kékeré, ni onímọ̀ mùsíọ́mù náà sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́.