Géèmù tí àgbà ń fi ẹsẹ̀ gbá: bí a ṣe ń lo pátákó Wii

Ojú ló ń ṣíwájú ẹsẹ̀. Bí ojú àgbà bá pẹ́ kó tó rí etí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ náà á pẹ́ kó tó mọ ibi tí yóò tẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ géèmù tí wọ́n ń dúró ṣe ju èyí tí wọ́n ń jókòó tẹ̀ lọ. Wii Balance Board sì ni mo máa ń ní kí àwọn ènìyàn wá: pátákó tí wọ́n ń dúró lé lórí láti fi ara darí géèmù Wii, ẹ̀rọ géèmù Nintendo tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ọdún 2007 ni Nintendo gbé e jáde pẹ̀lú Wii Fit, àkójọ géèmù eré ìdárayá, ní Japan. Wọn ò ṣe é mọ́, tòkunbọ̀ ló kù lọ́jà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìwúwo wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó náà, òun ló fi ń mọ apá ibi tí ara tẹ̀ sí jù. Bí èyí tí ẹ rà bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ yẹ ohun tí wọ́n kọ sára adáptà Wii rẹ̀ wò: 120 volt ni tiwọn, iná ilé wa á jó o.

Bátìrì AA 4 ni pátákó ń jẹ. Bí kò bá bá Wii sọ̀rọ̀, ẹ ṣí ìdérí bátìrì, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa inú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ èyí tó wà lẹ́yìn ìdérí ibi tí káàdì SD ń wọ̀ lára Wii.

Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ gbọnrangandan. Lórí kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ìsàlẹ̀ pátákó á fara ti ilẹ̀, ìwọ̀n á sì dojú rú. Bó bá jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nìkan ló wà, ẹsẹ̀ àfikún tó bá a wá ni kí ẹ so mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ lásán ni kí àgbà gùn ún. Tí géèmù bá ní kí wọ́n má tíì gùn ún, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ kàn án o, nítorí ìgbà yẹn ló ń mú òdo rẹ̀, ìyẹn ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìwúwo.

Àga onígi tó wúwo méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ẹ̀yìn wọn súnmọ́ ọwọ́. Àga ike kò dára, ó ń dà lulẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó dì í mú. Kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn wọn. Pátákó náà ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, àgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì wà lára tẹlifíṣọ̀n lè kọsẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

Table Tilt, ọ̀kan nínú àwọn géèmù Wii Fit, ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: wọ́n á fi ara darí bọ́ọ̀lù sínú ihò, kò sì ń sáré. Ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n jókòó sinmi, ìṣẹ́jú 10 mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ibi tí àṣìṣe wà rèé: àgbà á máa tẹ ìbàdí dípò kó yí ara láti ọrùn ẹsẹ̀. Máàkì á gòkè, nítorí pátákó ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹni tó sì fi ọwọ́ gbára lé àga ti gbé ìwúwo kúrò lórí pátákó, èsì rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ni kí ẹ máa wo ìbàdí àti ọwọ́, ẹ fi máàkì sílẹ̀.

Nígbà tó bá mọ́ wọn lára, ẹ lọ sí Soccer Heading, géèmù fífi orí kan bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, bàtà àti orí panda náà ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n máa kàn. Ojú gbọ́dọ̀ yan èyí tó tọ́ kíá, kí ara tó yẹ̀.

Ti ojú nìkan náà wà. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ACTIVE gba àgbà 2,832, ẹni ọdún 65 sókè. Ìpín kan nínú wọn kọ́ bí ojú ṣe ń yára mú ohun tó wà láàárín àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìpàdé 10. Ojú wọn yára sí i lóòótọ́, àmọ́ ìrántí wọn kò torí rẹ̀ já gaara. Ohun tí ènìyàn bá kọ́ náà ló ń mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ìdúró rẹ̀ ń mì, kó dìde dúró kọ́ ọ.

Géèmù kì í wo àìsàn ojú. Ibi tí glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, ti pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kì í padà. Ẹni tó ń lo gíláàsì alápá méjì, kó wọ ti ọ̀nà jíjìn nìkan, torí apá ìsàlẹ̀ yẹn ń mú kí etí pátákó ṣú. Ẹni tí òòyì ń kọ́, tàbí tí ẹ̀rọ wà lọ́kàn rẹ̀, kó kọ́kọ́ rí dókítà.