Èmi, Ẹ̀gbọ́n àti Ike Fasilíìnì

Ẹ gbọ́ ná, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí n tó bẹ̀rẹ̀: báwo lèèyàn ṣe ń pàṣẹ fún ẹni tó jù ú lọ? Torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní gbogbo Sátidé níbí ní Manchester nìyẹn. Kóòṣì triathlon ni mí, èyí tó gùn gbọọrọ yẹn, tí wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á tún wá sáré, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà láìsinmi. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń kọ́. Àfi lọ́dún tó kọjá tí ẹ̀gbọ́n kan ará Ìjẹ̀bú bá yọ sí mi, ẹni ọdún 55, wọ́n ní dókítà làwọn ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹ̀, wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdajì Ironman, bí wọ́n ṣe ń pe eré gígùn yẹn. Mo wá béèrè ohun tí dókítà sọ gan-an. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni o.

Ìdajì yẹn, ẹ má rò pé ìdajì búrẹ́dì ni. Kìlómítà 1.9 nínú omi, 90 lórí kẹ̀kẹ́, 21.1 lórí ẹsẹ̀. Odindi ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gbogbo ìyẹn, 3.8, 180, kó o wá fi máráthọ́ọ̀nù odindi jẹ ẹ́ lẹ́nu. Hawaii ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1978, ọkùnrin 15 ló bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí, èyí tó ṣe ipò kejì, omi tán lọ́wọ́ àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́, ni wọ́n bá ń gbé bíà fún un mu lójú eré. Mo ṣèèṣì sọ ìtàn yẹn fún ẹ̀gbọ́n. Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bi mí pé ìgbà wo la máa dé ibi bíà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mi ò lè jágbe mọ́ wọn. Tó bá jẹ́ òyìnbó ni, màá kàn lọgun pé "gbé ẹsẹ̀!", ó parí. Tó bá kan ẹ̀gbọ́n, màá kọ́kọ́ tẹ̀ ba, "ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ò bá ní ni yín lára, ẹ bá wa mú ẹsẹ̀ yá díẹ̀", kí n tó sọ ọ́ tán wọ́n ti kọjá mi lọ. Wọ́n tún máa ń rán mi níṣẹ́ o. "Kóòṣì, bá mi mú báàgì mi nínú búùtù." Èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti kọ́ wọn! Màá sì sáré lọ mú un wá, kí ni kí n ṣe?

Ohun méjì ni mo máa ń tẹnu mọ́ fún gbogbo wọn bí ẹni ń polówó ọjà. Ìkíní, má dán nǹkan tuntun wò lọ́jọ́ eré, bàtà o, ṣòkòtò o, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lá fún okun lójú eré o (ẹ̀gbọ́n ní jẹ́ẹ̀lì yẹn dà bí ògì tí wọ́n gbàgbé sóòrùn, dòdò làwọn fẹ́ máa kó sápò). Ìkejì, tó bá ń ta ọ́, fara dà á, ibẹ̀ lagbára ti ń wá. Ẹ di ìkejì yìí mú, ó ń bọ̀ wá bá mi.

Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, a fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ ní adágún omi kan lẹ́yìn ìlú, omi ibẹ̀ ò ju dígírì 15 lọ, èèyàn ò lè wọ inú ẹ̀ láìwọ aṣọ rọ́bà dúdú yẹn. Aṣọ náà máa ń ha èèyàn lọ́rùn àti lábẹ́ apá, nítorí náà a máa ń fi nǹkan tó ń yọ̀ pa ara kọ́kọ́. Wọ́n ní fasilíìnì máa ń ba rọ́bà yẹn jẹ́, pé ó ní ìpara tiẹ̀ tó yẹ ká rà, àmọ́ ẹ wo iye ẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó bá mi wí. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jí, ìyàwó àti ọmọ ń sùn, mi ò tan iná, mo nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù, mo mú ike fasilíìnì, mo bọ́ síta. Ọ̀fìnkìn sì ń ṣe mí láti ọjọ́ mẹ́ta, imú mi dí pátápátá.

A débẹ̀, mo bu ìpara yẹn gbà sọ́rùn ẹ̀gbọ́n, mo ní kí wọ́n fi pa abẹ́ apá àti itan, kí wọ́n pa itan yẹn dókè dáadáa. Èmi náà pa tèmi. Wọ́n fún imú pọ̀, wọ́n ní, "Kóòṣì, nǹkan yìí ń rùn bíi yàrá màmá àgbà." Mo ní, "Ìpara àwọn eléré nìyẹn sà." Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́ o.

A wọ omi. Mítà 200, ọrùn mi tutù nini, mo ní omi ni. Mítà 400, tútù yẹn yí padà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ti fi ọwọ́ tó fi gé ata rodo nu ojú rí, ẹ fi ìyẹn kọ́ abẹ́ apá méjèèjì, ẹ wá fi rọ́bà dì í pa. Mo fẹ́ dúró, mo wẹ̀yìn, mo rí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń bọ̀ tagbára tagbára, wọ́n ń lu omi bí ẹni tí eégún ń lé. Wọ́n máa ń dúró tẹ́lẹ̀ o! Gbogbo bọ́ọ̀lù ńlá tó léfòó lórí omi ni wọ́n máa ń dì mú, wọ́n á gbàdúrà díẹ̀, wọ́n á tó máa lọ. Lọ́jọ́ yìí wọn ò wo bọ́ọ̀lù kankan. Mo ní bí bàbá ọdún 55 ò bá dúró, èmi kóòṣì ò lè dúró. Bí àwa méjèèjì ṣe ń jóná lọ nìyẹn, tí ẹnì kankan ò la ẹnu, kìlómítà 1.9. Ìṣẹ́jú 38. Èyí tí wọ́n yá jù tẹ́lẹ̀ jẹ́ 51.

Bá a ṣe jáde ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ni síìpù aṣọ yẹn wà, okùn gígùn ló ń fà á, ẹ̀gbọ́n ń wá okùn, wọn ò rí okùn, wọ́n ń yí po bí ajá tó ń lé ìrù ara ẹ̀. Ìyá òyìnbó kan tó ń mú ajá rìn rò pé eré là ń sá, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wa, ẹ yára, ẹ yára! A bọ́ aṣọ tán, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó tún wá le sí i, ni àwa méjèèjì bá sá padà sínú omi, a jókòó síbẹ̀, orí wa nìkan ló hàn.

"Ọmọ yìí." Kóòṣì ti tán. "Kí lo fi pa mí lára?"

"Ẹ má bínú sà. Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀ látàárọ̀?"

"Ìwọ lo ní kí n fara dà á!"

Mi ò rí èsì. Kìlómítà 40 tá a fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gùn, ta ló fẹ́ jókòó lórí kẹ̀kẹ́? Ọkọ̀ la wọ̀ padà sílé, gbogbo fèrèsé ní ṣíṣí, a ya ẹsẹ̀ bí àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá abẹ́ fún.

Mo délé, mo pe màmá mi ní Ìbàdàn, torí àwọn ló wá bá wa tọ́jú ọmọ lóṣù kẹrin. Ẹ sì mọ àwọn ìyá wa, ike ayisikiríìmù tó o bá rí nínú firísà, má tíì dunnú, ẹ̀fọ́ ni. "Haa! Ìpara orúnkún mi! Ìgò ẹ̀ ló fọ́, mo bá dà á sínú ike kan tó ti tán níbẹ̀. Mo ti wá a títí. Ó ku èló nínú ẹ̀?"

Mo ní ó ti tán.

"Ó tán kẹ̀? Ìpara oṣù mẹ́ta! Orúnkún mélòó lẹ ní nílé yẹn?"

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo rò pé ẹ̀gbọ́n ò ní wá mọ́. Wọ́n wá. Wọ́n mú ike tiwọn lọ́wọ́, tuntun, tí wọn ò tíì ṣí. Wọ́n ṣí i, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n gbé e sábẹ́ imú mi.

"Ṣé o gbọ́ òórùn kankan?"

"Rárá sà."

"Ó dáa. Ìwọ kọ́kọ́ fi para."

Mo fi para. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ní ká dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá ná. Bí mo ṣe dúró etí omi nìyẹn pẹ̀lú pátá ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan nídìí, tí eyín mi ń pa kèkè, tí ẹni tí mò ń kọ́ ń wò mí bí ẹni ń wo ẹ̀wà lórí iná.